Oṣù Mẹ́ta Tí Reuben Kò Fi Kọ Nǹkan Kan

Fìyìnfólúwa ti tún ojú búlọ́ọ̀gì àwọn èèyàn ṣe tó bí ogún kí Reuben tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́. Ó ti ṣe ti oníṣòwò aṣọ, ó ti ṣe ti pásítọ̀, ó ti ṣe ti obìnrin kan tó ń kọ nípa oúnjẹ ọmọdé. Kò sí èyí tó bà á lẹ́rù nínú wọn. Iṣẹ́ ni. Ẹni tó ni ín á sọ ohun tó fẹ́, òun á tún un ṣe, wọ́n á dúpẹ́, ó parí. Ti Reuben nìkan ló kó jìnnìjìnnì bá a, òun náà ló sì gbé e dé ilé ọkọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkùnrin náà wá láti Oǹdó. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Ó ní òun ní búlọ́ọ̀gì kan tí òun ti ń kọ láti ọdún méje sẹ́yìn, “Ilé Àwa Méjì” lorúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Fìyìn ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé náà dúdú, lẹ́tà rẹ̀ funfun, wọ́n sì kéré débi pé èèyàn máa ń fún ojú pọ̀ kó tó lè kà wọ́n. Àwòrán ńlá tó wà lókè ń jẹ dátà, kì í sì í tètè jáde. Àkọsílẹ̀ tó lé ní igba ló wà níbẹ̀, èyí tuntun gun orí èyí tó ti pẹ́, kò sí àkòrí, kò sí ibi téèyàn lè gbà wá ohunkóhun. Fìyìn sọ fún un tààrà pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá.

Reuben rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà tó ń padà wá lójoojúmọ́, ìyá ìyàwó òun ni, Màmá Agnes, tó ń gbé ní Òkèlísà ní Oǹdó. Fìyìn bi í pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ńkọ́, ṣé òun kì í kà á ni.

“Ó ti kú,” ni Reuben wí. “Ọdún mẹ́ta rèé. Oyún ló bá lọ.”

Fìyìn ní kó má bínú. Reuben ní kò burú. Ó wá ṣàlàyé pé láti bí oṣù mélòó kan ni òun ti ń kọ nípa àwọn àmì tí kò yẹ kí ọkọ aláboyún fojú fo dá, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ẹsẹ̀ àti ojú tó ń wú. Ó fẹ́ kí àwọn ọkùnrin rí i kà. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílé tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kó lè ṣí búlọ́ọ̀gì náà kó sì rí ohun tó ń wá láìfi àkókò ṣòfò. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn.

Kí Fìyìn tó lè to àwọn àkọsílẹ̀ náà, ó ní láti ka gbogbo wọn. Ó kà nípa Bísọ́dún, ìyàwó tó kú náà, bó ṣe máa ń jẹ́ kí dòdò dúdú kó tó yọ ọ́ nínú òróró, tó sì máa ń ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dáa. Ó kà nípa ọjọ́ tí wọ́n gun òkè Ìdànrè, tí Bísọ́dún bọ́ bàtà lágbedeméjì, tó jókòó, tó ní kí Reuben lọ wo òkè kó wá ròyìn fún òun. Fìyìn á máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun ti ń ka ọjọ́ tó kù kí Sátidé pé. Reuben á dé, á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà lójú ọ̀nà ní Òwènà sílẹ̀ fún un, wọ́n á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa sọ èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ “Oúnjẹ” àti èyí tó yẹ kó wà lábẹ́ “Ìjà Kéékèèké”. Ohùn rẹ̀ wọ Fìyìn lára. Ṣùgbọ́n bó bá ti lọ tán, ẹ̀rù á ba ọmọbìnrin náà. Ìwé tí ọkùnrin yìí kọ nípa obìnrin mìíràn ni òun fi ń fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọ nípa Bísọ́dún ni òun ń fẹ́ ńkọ́, tí ẹni yẹn kò sí mọ́?

Ibi tó ti ń to wọn ní oṣù kọ̀ọ̀kan ló ti rí nǹkan kan. Àkọsílẹ̀ tó kẹ́yìn kí Bísọ́dún tó kú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ni. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Ẹsẹ̀ Bísọ́dún ti wú débi pé bàtà Reuben nìkan ló ń gbà á. Èyí tó tẹ̀ lé e di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, gbólóhùn kan péré: “Mo padà sí kíláàsì lónìí.” Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Ẹni tó ń kọ̀wé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tó ń kọ nípa dòdò àti bàtà, kò kọ ọ̀rọ̀ kan nípa ikú ìyàwó rẹ̀.

Fìyìn rò pé bóyá wọ́n sọnù nígbà tí òun ń kó wọn síbi tuntun. Ó bi Reuben. Reuben ní kò sí èyí tó sọnù. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ní ìwé ìdánwò láti ṣàmì sí, ó sì lọ kí aago méjì tó lù. Fìyìn jókòó, ó ń wo ojú ìwé tó ṣófo náà. Àtọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù gidi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

Síbẹ̀, nígbà tí Reuben sọ fún un ní oṣù kẹrin pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, kò lè sọ pé rárá. Ó ní kó jẹ́ kí òun sọ fún àwọn òbí òun ná.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó kọ́lé sí Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́. Ìyá rẹ̀, Wúrà, kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tó gbọ́ pé opó ọkùnrin ni, àfi pé ó bèèrè ohun tó pa ìyàwó àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ló pe Fìyìn sí yàrá. Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọ Oǹdó, ló sọ fún un. Wọ́n ní ọjọ́ méjì gbáko ni orí fi ń fọ́ ọmọbìnrin náà tí ọkùnrin yìí ń wò ó níran, kò gbé e lọ sílé ìwòsàn àfìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ sórí. Oyún náà sì bá a lọ.

“Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń kọ ọ́ sórí fóònù pé kí àwọn ọkọ má ṣe dúró,” ni Wúrà wí. “Ta ló kọ́ òun fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń kọ́ni yẹn? Mi ò bí ọ kí n tún wá sin ọ́, Fìyìn.”

Fìyìn fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn àmì náà sókè pátápátá, lókè gbogbo ohun tó kù, tó kọ wọ́n ní lẹ́tà pupa gàdàgbà: Tí orí bá ń fọ́ ọ tí kò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn, lónìí. Ó ti mọ̀ wọ́n sórí. Nísinsìnyí, bó bá ti ń kà wọ́n, bí ẹni tó ń ka ẹjọ́ ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ló ń rí lára rẹ̀. Òru ọjọ́ yẹn kò yé e bí ó ṣe mọ́.

Bàbá rẹ̀ kò pariwo ní tirẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà wá ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kó mú ẹnì kan dání nínú ẹbí rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun máa bi í, ṣé ó dúró àbí kò dúró. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún dárúkọ rẹ̀ nínú ilé náà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, Reuben ní ó yẹ kí Fìyìn wá sí Oǹdó kó jókòó ti Màmá Agnes, kó wo bí búlọ́ọ̀gì tuntun náà ṣe rí lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń lò ó lójoojúmọ́ kí wọ́n tó gbé e síta. Ìmọ̀ràn tí Fìyìn máa ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nìyẹn, kò sì lè kọ̀ ọ́. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní tíì sọ ohun tó wà láàárín àwọn fún Màmá. Obìnrin tó ń bá wọn ṣe búlọ́ọ̀gì ni Fìyìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì. Awọ ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún, nítorí náà ó máa ń gbé fóònù súnmọ́ ojú òsì. Lẹ́yìn tí Reuben ti kí i tó sì jáde lọ síbi ẹ̀kọ́ tó ń fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ó ku àwọn méjèèjì. Fìyìn ṣàlàyé pé kì í ṣe Màmá ni òun ń dán wò, búlọ́ọ̀gì ni, àti pé ibikíbi tó bá ti rú Màmá lójú, ẹ̀bi òun ni. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yin lẹ́tà rẹ̀ pé ó ti tóbi. Ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà tó máa gbà dé àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́. Ìlà kéékèèké mẹ́ta tí Fìyìn fi sí kọ̀rọ̀ òkè pé kí èèyàn máa tẹ̀, ó rò pé ìdọ̀tí ló wà lára gíláàsì fóònù, ó fi ìbòrí rẹ̀ nù ún. Fìyìn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí òun yọ ìlà yẹn, kí òun kọ “Ẹ wo gbogbo rẹ̀ níbí” síbẹ̀. Ó wá ní kí Màmá wá ohunkóhun tó bá wù ú.

Màmá tẹ ọdún tí Bísọ́dún kú. Ó tẹ oṣù kẹta.

“Kò sí nǹkan lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án,” ni Màmá wí.

“Bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, Màmá. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò.”

“Mo mọ̀ pé o ò yọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣí i, kí n lè mọ̀ bóyá ó ti kọ ọ́.” Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo Fìyìn pẹ́. “Ìwọ ló fẹ́ fẹ́, àbí?”

Fìyìn kò lè purọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Màmá bèèrè ohun tí wọ́n sọ fún un nípa Reuben ní Àkúrẹ́, Fìyìn sì sọ ọ́ láìṣẹ́ nǹkan kan kù.

“Àárọ̀ Ọjọ́rú ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ,” ni Màmá wí. “Reuben ti gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀ tán. Èmi ni mo ní kó gbé e padà wọlé. Mo ní ọmọ márùn-ún ni mo bí, pé orí a máa fọ́ aboyún. Mo ní bó bá gbé e débẹ̀, wọ́n á la inú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ yẹn ni mò ń sá fún, ọmọ mi, òun ló ń bà mí lẹ́rù. Ó bẹ̀ mí ní Ọjọ́rú. Ó bẹ̀ mí ní Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí gìrì gbé e ní ìdájí Ọjọ́ Ẹtì, kò bi mí léèrè mọ́, ó gbé e. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.” Ó da ojú fóònù náà dé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. “Níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí mi ń nàka sí i. Mo wà níbẹ̀. Mi ò la ẹnu mi. Òun náà ò la tirẹ̀, títí di òní.”

Kò sunkún. Fìyìn fẹ́ dì í mọ́ra, ẹ̀rù sì tún ń bà á láti fọwọ́ kàn án. Ó wá yé e pé ẹni tó ń ka búlọ́ọ̀gì náà tọkàntọkàn jù lọ, ìbẹ̀rù ló ń mú un kà á. Ọdún mẹ́ta ló ti ń jí lárọ̀ọ̀wúrọ̀ kó lọ wò ó bóyá ọjọ́ náà ti pé tí gbogbo ayé máa mọ̀.

Nígbà tí Reuben sin Fìyìn dé ibùdókọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Fìyìn sọ fún un pé òun ti gbọ́. Ọkùnrin náà dúró lójijì. Ó ní kò yẹ kí Màmá sọ ọ́. Fìyìn rán an létí pé bàbá òun máa bèèrè, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bó ṣe rí gan-an.

“Mo máa sọ pé mo dúró,” ni Reuben wí. “Mo dúró lóòótọ́. Ọkọ rẹ̀ ni mí. Mo lè ti Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n sì gbé e lọ ní Ọjọ́rú yẹn. Mi ò ṣe é.”

“Tó bá jẹ́ èmi ńkọ́? Tí ìyá mi bá ní kí ẹ má gbé mi?”

“Mi ò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè.”

Fìyìn wọ ọkọ̀. Ó fẹ́ gbà á gbọ́. Títí tí wọ́n fi kọjá Bọ́lọ́rundúró, ó ṣì ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ti gbà á gbọ́ àbí ìfẹ́ ló ń pa òun bí ọtí. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti gba Reuben sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn òbí òun, kí òun tú àṣírí arúgbó náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe é, Reuben kò ní wo ojú òun mọ́.

Sátidé náà pé. Reuben àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adémọ́lá, jókòó ní pálọ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Adémọ́lá ti kí kíkí, ó ti sọ ohun tí wọ́n bá wá. Rufus fetí sílẹ̀ tìwà tìwà, ó wá yíjú sí Reuben, ó bi í ní ìbéèrè rẹ̀.

“Mo dúró, Dádì,” ni Reuben wí. “Ọjọ́ méjì.”

Rufus bèèrè ohun tó fà á. Reuben tẹrí ba, kò sọ̀rọ̀. Adémọ́lá ń wo ẹnu ọ̀nà. Wúrà dìde, ó ní òun ń lọ sí kíṣìnnì, gbogbo wọn sì mọ̀ pé tó bá lọ báyìí, kò ní padà wá. Fìyìn la ẹnu, ó tún pa á dé.

Ìgbà náà ni wọ́n kanlẹ̀kùn. Màmá Agnes ni, ó di ọwọ́ awakọ̀ táksí tó gbé e wá mú nítorí àtẹ̀gùn. Ó ti bi Adémọ́lá ní ọjọ́ àti àdírẹ́ẹ̀sì, ó sì ti mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀. Reuben fò dìde.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́.”

“Jókòó,” ni Màmá wí.

Kò tilẹ̀ jókòó ní tirẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ fún Fìyìn, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, ìdájí Ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tó dá ọmọ náà dúró, òun rèé. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Wúrà.

“Ìwọ náà bí ọmọbìnrin. Bí dókítà bá ní kí wọ́n la inú ọmọ rẹ yìí lónìí, kí lo máa sọ?”

Wúrà dúró láàárín pálọ̀. Fìyìn rí ojú ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé òótọ́ ni kò mọ ohun tó máa sọ. Ó pẹ́ kó tó rìn lọ bá arúgbó náà, ó dì í lápá, ó rọra fi í jókòó sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Rufus kò fún wọn ní èsì lọ́jọ́ náà. Ó ní òun gbọ́. Ó bi Reuben pé ọdún mélòó ló fẹ́ fi dákẹ́, Reuben ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ló ránṣẹ́ sí Adémọ́lá pé kí wọ́n máa bọ̀ wá mọ ẹbí.

Màmá ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú búlọ́ọ̀gì. Ó ní àwọn ọkọ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà fún, ó wà fún àwọn ìyá pẹ̀lú. Reuben ní ọwọ́ òun kò lè kọ ọ́. Fìyìn ló lọ jókòó ní Òkèlísà fún ọ̀sán méjì, Màmá ń sọ ọ́, òun ń kọ ọ́, wọ́n sì fi sí abẹ́ oṣù kẹta pẹ̀lú orúkọ Màmá. Nígbà tí búlọ́ọ̀gì náà jáde, ojú rẹ̀ funfun, lẹ́tà rẹ̀ dúdú ó sì tóbi, kì í jẹ dátà. Níbi tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́wàá lè má kà á lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ní oṣù àkọ́kọ́. Àwọn kan bú Màmá. Àwọn kan ṣépè fún un. Fìyìn fẹ́ pa èpè náà rẹ́, Màmá ní kó fi í sílẹ̀, nítorí pé abẹ́ àwọn èpè yẹn gan-an ni àwọn ọmọ obìnrin ti ń bèèrè pé ẹsẹ̀ àwọn wú, kí ni kí àwọn ṣe.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Wúrà ń bá ọmọ rẹ̀ wé gèlè nínú yàrá. Ó wé e, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tú u, ó tún un wé.

“Ṣé ẹ̀rù kò bà ọ́?” ló bèèrè.

“Ó ń bà mí, Mọ́mì.”

“Èmi náà.” Ó fa etí gèlè náà le. “Bí orí bá fọ́ ọ ní ọjọ́ kan, má pè mí kí o tó lọ. Bí o bá ti débẹ̀ tán ni kí o pè mí.”

Fìyìn ní òun gbọ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ jáde lọ síbi tí ọkọ̀ àwọn ẹbí ọkọ láti Oǹdó ti ń dúró dè wọ́n.